Abẹ́rẹ́ Méjì Lójúmọ́: Ohun Tí Mo Ṣe fún Ìyàwó Ọmọ Mi

Mi ò kàwé jìnnà. Ẹni tó bá mọ̀ mí máa sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, kò sì ní purọ́. Ṣùgbọ́n tó bá di ìṣirò, ẹ gbé tíṣà yín wá. Kó tó mú bírò, mo ti ṣe é tán lórí.

Ìṣirò yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ.

Ọmọ ọdún mẹ́rin lọmọ wa ọkùnrin wà nígbà tí ọkọ mi kú. Èmi nìkan ni mo tọ́ ọ. Ìsọ̀ mi wà ní ọ̀kánkán hósípítù tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn obìnrin tó ń wá ọmọ. Mò ń ta òwú, mò ń ta páàdì, mò ń ta kúlà kékeré àti yìnyín tí wọ́n fi ń gbé abẹ́rẹ́ wọn lọ sílé, torí abẹ́rẹ́ yẹn ò gbọdọ̀ móoru. Ìyá Oníyìnyín ni gbogbo ayé ń pè mí.

Mo tún ń ta nǹkan kan tí mi ò kọ sára pátákó. Obìnrin tó bá ti lóyún, tàbí tọ́rọ̀ náà bá ti sú, tí abẹ́rẹ́ ṣẹ́kù sí lọ́wọ́, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé e wá. Màá rà á, màá kì í sísàlẹ̀ yìnyín, màá tà á fún ẹlòmíì. Gbogbo òpópónà ló mọ̀. Dókítà nìkan ni ò mọ̀. Mo máa ń sọ fún ara mi pé àánú ni mò ń ṣe.

Ọmọ mi, wẹ́dà ni. Ó ga, ó fẹ̀ láyà, iná irin ti jó o lápá títí dé ìgúnpá. Ó jọ bàbá ẹ̀ lójú, ó wá tún jọ ọ́ lẹ́ṣẹ̀ẹ́. Bàbá ẹ̀ fọ́ eyín mẹ́ta mọ́ mi lẹ́nu kó tó kú. Nígbà tó kú, mo sunkún torí pé àwọn èèyàn ń wò mí.

Ìyàwó ẹ̀, aránṣọ ni. Ọmọ tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni. Ọdún keje tó ti wọlé, kò sóyún. Nǹkan oṣù ẹ̀ máa ń wá tó bá wù ú, ó lè pa oṣù mẹ́ta jẹ.

Dókítà fún un ní ìwé kan kó fún ọkọ ẹ̀. Ó dúró kí ọkọ ẹ̀ jẹun tán, ó wá rọra fi ìwé náà sórí tábìlì.

"Dókítà ní kẹ́yin náà wá ṣe àyẹ̀wò."

Àwo tó fi jẹun ló fi dá a lóhùn. Ó là á mọ́ ọn lórí, àwo fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ẹ̀jẹ̀ gba iwájú orí ẹ̀ wá sẹ́nu, kò pariwo. Ó ti mọ̀ pé tóun bá pariwo, á di méjì.

Mo wà ńbẹ̀. Mo jókòó sórí àga. Ṣé ẹ mọ ohun tí mo sọ? "Ìyàwó, ìwọ náà! Ṣé o ò rí i pé iṣẹ́ ti rẹ̀ ẹ́ ni?"

Mo bá a fi òwú nu orí. Òwú ìsọ̀ mi ni. Mo rò pé mo ṣe dáadáa.

Ní ọjọ́ Túsìdeè kan, Dókítà kó àwọn obìnrin jọ sí yàrá ìjókòó. Obìnrin kékeré kan báyìí ni Dókítà, awò ojú ẹ̀ tóbi ju ojú ẹ̀ lọ. Mo gbé kúlà wọlé bí ẹni tó ń wá oníbàárà, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"A ti parí ìwádìí tí a ti ń ṣe láti ọdún méjì," ó ní. "Igba obìnrin ló yọ̀ǹda ara wọn. A pín wọn sọ́nà méjì. Ọgọ́rùn-ún lo oògùn oníhóró tí a ti ń lò tẹ́lẹ̀. Ọgọ́rùn-ún lo abẹ́rẹ́ tuntun, ẹyọ kan lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́wàá. Nínú àwọn tó lo oníhóró, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lóyún. Nínú àwọn tó lo abẹ́rẹ́, méjìlélógójì."

Àwọn obìnrin hó yèè. Ẹnì kan bú sẹ́kún.

"Dókítà, ṣé gbogbo wa lẹ máa fún lónìí?"

"Rárá o. Ẹ fara balẹ̀ kí n ṣàlàyé. Ṣíṣà la ṣà àwọn tí a fi ṣe ìwádìí yìí. Àwọn kan wà tí a ò gbà rárá, torí pé…"

Èmi ti jáde. Mo ti gbọ́ iye. Kí ló tún kù tí mo fẹ́ gbọ́?

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, obìnrin méjì ti gbé ìṣẹ́kù abẹ́rẹ́ tuntun yẹn wá fún mi. Ọkọ ọ̀kan ti kó lọ sí ìlú mìíràn, ẹnì kejì ní òun ò lè gún ara òun mọ́. Ogún ìgò lápapọ̀. Mo kì wọ́n sábẹ́ yìnyín, mo sọ fún ara mi pé màá tà wọ́n.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn náà ni ọmọ mi wá. Ó fi bàtà ta kúlà mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó jókòó.

"Mọ́mì, oṣù yìí ni mo fún obìnrin yẹn mọ. Tí kò bá lóyún, màá gbé e jáde."

"Gbé e jáde lọ síbo?"

"Ẹ má bi mí. Lánàá, mo fún un lọ́rùn. Ọwọ́ mi ò fẹ́ tú mọ́. Onídìrí ẹ̀gbẹ́ ilé wa yẹn ló wá ń lu ilẹ̀kùn gbàgbàgbà."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé gáàsì òun tán níbi iṣẹ́. Ó mu omi yìnyín mi, ó lọ.

Ẹ̀rù bà mí. Kì í ṣe torí ìyàwó o. Ẹ jẹ́ kí n sòótọ́. Torí ọmọ mi ni. Tó bá pa á, wọ́n á gbé e.

Mo bá bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Ẹyọ kan lójúmọ́, méjìlélógójì nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹyọ méjì lójúmọ́, mẹ́rinlélọ́gọ́rin. Mo tún un ṣe, kò yẹ̀. Mo tiẹ̀ ṣe ti mẹ́ta wò: ó fún mi ní aboyún mẹ́rìndínláàádóje nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin. Ìyẹn gan-an ò là mí lójú. Mo kàn ní abẹ́rẹ́ ò tó ni.

Mo ránṣẹ́ pe ìyàwó sẹ́yìn ìsọ̀, láàárín àwọn páálí òwú. Mo kó ìgò náà jáde.

Ó mú ọ̀kan, ó yí i yí i. "Màmá, èyí kọ́ ni wọ́n ní kí n lò."

"Ṣé o fẹ́ bímọ àbí o ò fẹ́?"

"Dókítà ní wọn ò fi irú mi ṣe ìwádìí yẹn. Ó ní ẹyin kéékèèké ló kún inú mi fọ́fọ́, tí gbogbo wọn bá jí lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n lè pa mí. Tóun bá máa fún mi rárá, ó ní ìdajì ìgò lòun máa fi bẹ̀rẹ̀, kí n sì máa wá ṣe síkáànì lọ́jọ́ méjì méjì kóun lè rí bó ṣe ń ṣe níkùn mi."

Mo rẹ́rìn-ín. "Ẹyin pọ̀, ó ní wàhálà ni. Ta lo rí tó ń sunkún pé ọjà kún ìsọ̀ òun jù?"

Òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Bó ṣe rí nìyẹn, ẹ̀rín ò jìnnà sí i. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ bi í, Màmá. Òdìkejì títì náà ni."

"Lọ bi í. Tó o bá délé, kó o wá bi ọkọ ẹ bóyá ó máa dúró dè ẹ́."

Ó gbé ọwọ́ lé ọrùn ẹ̀, níbi tí ìka ọkọ ẹ̀ ti yọ sí i roboto. Ó ká aṣọ kúrò níkùn.

Láti ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń wo àwọn nọ́ọ̀sì, mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan nírọ̀lẹ́. Ó máa ń wo òrùlé tí mo bá ń gún un. "Màmá, ó kù mélòó?" Gbogbo ìgbà ló ń bi mí bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, síkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ò gbà á mọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún sí i, ikùn ti yọ síwájú bíi ti oyún oṣù mẹ́fà. Ó ń bì. Kò lè bẹ̀rẹ̀ mú nǹkan nílẹ̀.

Mo sáré lọ bá ọmọ mi níbi iṣẹ́. "Ó ti dúró!"

Ó ju irin ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀. Ó gbé mi, èmi ìyá ẹ̀, ó ń fi mí jó yí ilé iṣẹ́ ká, àwọn wẹ́dà ẹgbẹ́ ẹ̀ ń pàtẹ́wọ́. Ó ra àga onítìmùtìmù fún ìyàwó ẹ̀. Ó ń gbé omi ìwẹ̀ fún un. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko, kò fọwọ́ kàn án.

Oyún wo ló ń yọ bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ méjì? Èmi náà ti bímọ rí. Mo mọ̀. Mo mọ̀, mo gbé e mì.

"Màmá, èyí kì í ṣe oyún," ìyàwó sọ fún mi lọ́jọ́ kan lójú ọ̀sán. Ètè ẹ̀ ti gbẹ. "Tí mo bá dùbúlẹ̀, mi ò lè mí. Láti àná mi ò tọ̀."

"Dákẹ́. Gbogbo aboyún ló ń sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ mú mi lọ sọ́dọ̀ Dókítà."

"Kí n mú ẹ lọ sọ pé kí ni? Pé èmi ni mo gún ẹ?"

Láti ìsọ̀ mi dé ẹnu géètì hósípítù, ìṣísẹ̀ ogójì ni. Mo ti kà á rí. Mi ò mú un lọ.

Ọjọ́ Sọ́ńdè, ọ̀sán gangan. Mò ń fọ ìkòkò ní kíṣìnnì wọn. Ìyàwó dìde lórí àga ẹ̀ pé òun fẹ́ yàgbẹ́. Ọkọ ẹ̀ fẹ́ bá a tún tìmùtìmù ṣe. Mo gbọ́ ohùn ọkọ ẹ̀.

"Kí lèyí?"

Mo yọjú. Ẹ̀jẹ̀ wà lórí tìmùtìmù náà.

"Nǹkan oṣù mi ni," ìyàwó ní.

"Aboyún ń ṣe nǹkan oṣù?"

"Mi ò lóyún. Mi ò lóyún rárá."

"O ti ṣẹ́ ẹ! O ti ṣẹ́ oyún mi!"

Ẹ̀ṣẹ́ àkọ́kọ́ bà á lójú. Ó fò sẹ́yìn, orí ẹ̀ kọlu ẹ̀rọ ìránṣọ, òun àti ẹ̀rọ jọ wó lulẹ̀. Ó fi irun fà á dìde, ó tún lù ú. Mo gbọ́ bí imú ẹ̀ ṣe kán. Kò dún púpọ̀, bí ìgbà téèyàn kán ọrùn ìgò abẹ́rẹ́ ni. Ẹ̀jẹ̀ fọ́n sára ògiri, ó fọ́n sára aṣọ oníbàárà tó so kọ́ síbẹ̀. Ọmọbìnrin yẹn ò bo ojú ẹ̀. Apá méjèèjì ló fi gbá ikùn ẹ̀ mú.

"Abẹ́rẹ́ ni! Abẹ́rẹ́ Màmá ni! Ẹ bi Màmá! Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún un!"

Ọmọ mi dúró. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó yíjú sí mi.

"Mọ́mì. Abẹ́rẹ́ wo ló ń wí?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibí yìí ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Mo ń wo ẹ̀ṣẹ́ ẹ̀ tó dì, ẹ̀jẹ̀ ń kán níbẹ̀. Mo rí bàbá ẹ̀ lójú ẹ̀ kedere. Ibi tí eyín mẹ́ta yẹn wà tẹ́lẹ̀ lẹ́nu mi bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí.

"Mi ò mọ abẹ́rẹ́ kankan," mo ní. "Irọ́ ló ń pa."

Ìyàwó wò mí. Ojú kan ti dí, èyí tó kù ló fi wò mí. Kò bẹ̀ mí mọ́.

Ọkọ ẹ̀ wá gbá a níkùn. Bàtà iṣẹ́ ló wọ̀, èyí tí wọ́n fi irin sí lẹ́nu. Ó gbá a lẹ́ẹ̀kan, ìyàwó ká kò. Ó gbá a lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló ké igbe kan tí mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí, àní lọ́jọ́ tí mo bímọ. 

Ilẹ̀kùn ló já wọlé, onídìrí ẹ̀gbẹ́ ilé ló tẹ̀ lé e. Obìnrin gbàǹgbà ni, kẹ́tùlù omi gbígbóná tó fi ń rẹ ẹnu irun wà lọ́wọ́ ẹ̀. Kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ó da gbogbo ẹ̀ sí ọmọ mi lẹ́yìn. Ọmọ mi bú ramúramù, ó ń fa ṣẹ́ẹ̀tì ya, ó sá lọ síbi omi ẹ̀rọ.

"Ìwọ ìyá burúkú yìí, kí lò ń wò?" onídìrí ní. "Gbá a lẹ́sẹ̀ mú ká gbé e!"

Mo gbá a lẹ́sẹ̀ mú. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ti tutù.

Ní hósípítù, wọ́n tẹ́ ẹ sórí ibùsùn onítáyà. Dókítà fọwọ́ kan ikùn ẹ̀, ó le bíi bọ́ọ̀lù. Ó fi nǹkan gbọ́ àyà ẹ̀, ojú ẹ̀ yí padà.

Ọmọ mi ti dé, kò wọ ṣẹ́ẹ̀tì, awọ ẹ̀yìn ẹ̀ ń bó. "Dókítà, oyún mi ńkọ́?"

"Kò sí oyún."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Omi. Ẹ̀jẹ̀ náà sì ti wà níbẹ̀ báyìí. Omi ti fẹ́ dé àyà ẹ̀." Ó yíjú sí gbogbo wa. "Ẹnì kan fún un ní nǹkan. Tí mi ò bá mọ ohun tó jẹ́, tí mi ò mọ iye tó lò, mo lè fọwọ́ ara mi pa á lórí tábìlì. Ta ló mọ̀?"

Mo ń wo ilẹ̀.

"Mo ní ta ló mọ̀!"

"Mo gbọ́ ọ láti ìta," onídìrí ní. "Ó ń pariwo abẹ́rẹ́ Màmá."

Gbogbo ojú dà bò mí. Síbẹ̀, ẹnu mi ò là. Àgbà nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀ tó máa ń ra òwú lọ́wọ́ mi. Kò bá mi jà. Ó jáde. Ó kọjá sódìkejì títì, ó gbé kúlà ńlá mi dé, ó dojú ẹ̀ kọlẹ̀.

Yìnyín fọ́n káàkiri. Ọ̀rá kan jábọ́ láàárín ẹ̀, ó tú. Ogún ìgò òfìfo. Mi ò kì í ju nǹkan nù, ẹ̀yin èèyàn mi. Àwọn kan máa ń ra ìgò òfìfo. Àmì hósípítù wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Dókítà bẹ̀rẹ̀, ó mú ọ̀kan. "Mélòó lójúmọ́, Ìyá Oníyìnyín?"

"Méjì."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ fún un ní méjì?"

"Ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹyọ kan fún yín ní méjìlélógójì." Mo ń wo ìgò ọwọ́ ẹ̀. "Mo sọ ọ́ di ìlọ́po méjì."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Dókítà yọ awò ojú ẹ̀.

"Orúkọ ọmọ yìí wà lára àwọn tí mo fọwọ́ ara mi yọ kúrò nínú ìwádìí yẹn," ó ní. "Ìwádìí ò sọ ẹni tó máa lóyún, Màmá. Iye tó lóyún nínú àwọn tí a ṣà ló sọ. Kí n tó fún obìnrin tó jókòó síwájú mi ní oògùn yẹn, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò ó bóyá ó jọ wọ́n, tí kò bá jọ wọ́n, kí n mọ ohun tí màá dín. Iṣẹ́ mi nìyẹn. Iṣẹ́ yẹn lẹ gbé, tẹ́ ẹ kì bọ kúlà."

Wọ́n ti ibùsùn náà wọlé, wọ́n ń sáré.

Ó wá ku èmi àti ọmọ mi ní kọ́rídọ̀. Ó ń wo àwọn ìgò nílẹ̀.

"Mo bi yín," ó ní. Ó rọra sọ ọ́. "Mọ́mì, mo dúró, mo bi yín."

"Ọmọ mi…"

"Mo bi yín!"

Irin tí wọ́n ń so ike omi kọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mi ò rí ìgbà tó mú un. Mo gbé apá òsì sókè, irin náà bà á láàárín, mo rí i tí apá mi tẹ̀ níbi tí kò yẹ kó ti tẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e bà mí lórí. Mo ṣubú sáàárín yìnyín àti ìgò, ó sì ń lù mí, ó ń sunkún bí ọmọdé. "Ẹ ti jẹ́ kí n pa á! Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n pa á!" Ọkùnrin géètì mẹ́ta ló fà á kúrò lórí mi. Ó bu ọ̀kan jẹ létí.

Nígbà tí mo lajú, apá mi wà nínú sìmẹ́ńtì, wọ́n ti rán orí mi. Àgbà nọ́ọ̀sì yẹn ló sọ ìyókù fún mi. Ọ̀kan nínú ilé ẹyin ìyàwó ti wú tó bọ́ọ̀lù, gbígbá yẹn ló bẹ́ ẹ. Wọ́n ti gé e jáde. Ike omi mẹ́ta ni wọ́n fà nínú ẹ̀. Ilé ẹyin kan ṣẹ́kù sí i, ó lè ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ló ń bá a mí báyìí, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá á jí.

Ọjọ́ mẹ́fà ni ẹ̀rọ fi bá a mí. Yàrá mẹ́ta ló wà láàárín wa. Mò ń gbọ́ ẹ̀rọ náà.

Lọ́jọ́ kejì ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wá. Wọ́n ti ti ọmọ mi mọ́lé. Ó fa àga sún mọ́ mi.

"Ìyàwó wa, ọmọ kan ṣoṣo lo bí."

"Mo mọ̀, Bọ̀dá."

"Tí ọlọ́pàá bá dé, o ò rí nǹkan kan. Ìyàwó ẹ̀ fẹsẹ̀ kọ, ó ṣubú lu ẹ̀rọ ìránṣọ. Ìwọ náà, orí yìnyín ẹ lo ti yọ̀ ṣubú."

"Èmi ni mo yọ̀ lórí yìnyín tara mi?"

"Ìyẹn ló yẹ kó máa pa ẹ́ lẹ́rìn-ín? Tó o bá tì í sẹ́wọ̀n, má wá bá wa mọ́. Tó o bá kú, ìjọba á sin ẹ́."

Mo gbà fún un. Mi ò purọ́ fún yín, mo gbà. Mo tiẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ náà sórí: ó fẹsẹ̀ kọ, ó ṣubú. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Mo ti sọ ọ́ nípa ara mi láìmọye ìgbà nígbà ayé bàbá ẹ̀.

Ọjọ́ kẹjọ, ìyàwó ti lajú. Ọlọ́pàá obìnrin kan gbé mi sórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn, ó tì mí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ẹ̀ kó lè gbọ́ tẹnu àwa méjèèjì. Rọ́bà wà nímú ọmọ náà. Eyín méjì ti kúrò níwájú ẹnu ẹ̀. Nígbà tí mo rí àlàfo yẹn, mo fi ahọ́n kan àlàfo tèmi.

"Màmá," ọlọ́pàá ní, ó ṣí ìwé ẹ̀, "kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè?"

Mo la ẹnu. Ó fẹsẹ̀ kọ, ó ṣubú. Ó ti wà lórí ahọ́n mi.

Ìyàwó yí orí díẹ̀. Ohùn ẹ̀ ò lágbára rárá.

"Màmá. Ṣé ẹ tún fẹ́ sọ pé ẹ ò mọ̀?"

Kò bínú. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni.

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀," mo sọ fún ọlọ́pàá. "Èmi ni mo gún un, ogún ìgò. Ó ní òun ò fẹ́, mo fi ọkọ ẹ̀ dẹ́rù bà á. Ọmọ mi bi mí, mo purọ́. Ó wá gbá a níkùn, bàtà onírin, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ jẹ́ kó hàn níbẹ̀: ẹ̀ẹ̀mẹta. Ojú mi ló ṣe é."

"Ṣé ó ti ń nà án tẹ́lẹ̀?"

"Láti ọdún méje. Mo máa ń jókòó sórí àga."

Mo tún un sọ níwájú adájọ́. Ọmọ mi ò gbójú sókè wò mí títí wọ́n fi mú un jáde. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fún un. Èmi lo oṣù mẹ́jọ lẹ́wọ̀n, wọ́n sì ti ìsọ̀ mi pa. Ẹbí ọkọ mi ò kí mi mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí, tí wọ́n bá sọ fún yín pé ìwádìí ní oògùn kan ṣiṣẹ́, ẹ má sáré tẹ̀ lé iye bíi tèmi. Ẹ jókòó ti dókítà yín, kẹ́ ẹ bi í pé, lára ta ló ti ṣiṣẹ́? Ṣé àwọn yẹn jọ mí? Àwọn wo lẹ yọ kúrò? Tó bá ní kẹ́ ẹ máa wá fún àyẹ̀wò, ẹ máa lọ. Ẹ má ra ìṣẹ́kù abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ìyá yín ló ń tà á.

Ẹ̀yin ìyá ọkọ, èyí tún wà fún yín. Ọmọ yín tó ń lu ìyàwó, oyún kọ́ ló máa wò ó sàn. Mò ń wá oyún kiri láti fi pẹ̀tù sí i lọ́kàn, nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ ẹ̀ ló yẹ kí n dì mú láti ọjọ́ àwo yẹn, kí n sì ké sí aládùúgbò.

Nígbà tí wọ́n tú mi sílẹ̀, mo lọ sílé bàbá ìyàwó. Mo kúnlẹ̀ síta géètì láti àárọ̀. Nígbà tó yá, ó jáde wá fúnra ẹ̀. Imú ẹ̀ ti wọ́ díẹ̀. Ó rọra ń rìn, ó fọwọ́ kan gbé ẹ̀gbẹ́ ikùn ẹ̀. Kò ṣí géètì.

"Màmá, ẹ káàárọ̀."

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ó gbé ọwọ́ sókè.

"Mo mọ ohun tẹ́ ẹ sọ fún adájọ́. Torí ẹ̀ ni mo ṣe jáde wá kí yín. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ dìde, kẹ́ ẹ máa lọ, ẹ má sì wá mọ́. Tí mo bá ti rí yín báyìí, ibi tí wọ́n ti là mí máa ń dùn mí."

Mo dìde. Mo lọ.